Mítà Márùn-ún Ló Dójú Tì Mí

Ẹ̀GBỌ́N OLÓMI Ń DÁHÙN

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú jáde lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn rẹ̀ náà sì gùn. Ẹ wá ibi ìjókòó.

*

Ẹ̀gbọ́n Olómi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Nairobi ní oṣù Keje, mo sì ti pinnu pé n kò ní padà sílé láì mòòkùn nínú òkun gidi. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sìlíńdà mí lábẹ́ omi ní púùlù kan ní Maitama, kóòṣì mi sì ní mo mọ̀ ọ́n. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mombasa, mo sọdá sí Diani. Wọ́n ní àpáta iyùn tí a fẹ́ lọ wò kò jìn sétí òkun, kò sì jìn sísàlẹ̀, mítà 6 sí 7 péré, pé ọmọdé pàápàá ń lọ síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Kí a tó débẹ̀, ìgbì ti ń gbé bóòtù sókè sódò. Mo bì. Mo ṣáà wọlé. Omi náà rí bí omidùn, ojú mi kò ríran kọjá mítà 3. Nǹkan kan ń tì mí síwájú, ó tún ń fà mí sẹ́yìn. Mo di òkúta kan mú, ó gé mi lọ́wọ́. Afinimọ̀nà wà níwájú, kò wẹ̀yìn. Mo ń bá a yí títí di bí ìṣẹ́jú 30, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ sókè. Mo ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀, òkè ni mò ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo dá èémí dúró, àfi bí mo ṣe bá ara mi lójú omi láàárín ìgbì, èmi nìkan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bóòtù wá gbé mi.

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní omi tí kò ga tó ilé alájà mẹ́ta ló lé mi jáde. Ṣé ẹ̀bi tèmi ni, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kí n pa á tì ni?
— Òmùwẹ̀ Púùlù, Kubwa

Àbúrò mi, kí n tó dórí ẹ̀bi, ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà nínú lẹ́tà rẹ tó mú kí n gbé ife tíì mi sílẹ̀: "mo dá èémí dúró". Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ tí ò ń mí látinú sìlíńdà ní mítà 6, omi ti fún un pọ̀. Bí o bá gbé e lọ sókè láì mí jáde, á máa fẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Kò nílò ibú kankan. Mítà 1 àti ààbọ̀ ti tó fún ẹni tó fi àyà kíkún gòkè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní Maitama pé kí o máa mí, kí o sáà máa mí, kódà bí rẹgulétọ̀, ohun tí a fi ń mí látinú sìlíńdà, bá bọ́ lẹ́nu rẹ, kí o máa tu afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí tí èémí ń há ọ láti ìgbà náà, lọ rí dókítà lónìí, má dúró de ọ̀la, kí o sì sọ fún un pé o mòòkùn.

Ó dáa. Ká wá sọ̀rọ̀ ìtìjú.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mọ̀, torí èmi náà ti sọ irú ẹ̀ rí. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó wá dẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwẹ̀ ní Utako, ọdún 9 ni mo fi ṣe òmùwẹ̀ iṣẹ́ epo ní ìhà Warri. Irin ni mò ń jó lábẹ́ omi. Akoto ńlá là ń dé, rọ́bà ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá látinú ọkọ̀, òjé sì wà lára ẹni bí ẹrù aláàárù, torí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ gan-an la fẹ́ dúró lé ká tó lè ṣiṣẹ́. Mo ti wọ mítà 40 rí, níbi tí n kò ti rí ọwọ́ ara mi.

Nítorí náà, ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ ṣe fàájì ní etíkun Kẹ́ńyà yẹn kan náà, ní oṣù Kẹjọ, tí ọmọkùnrin tó ń to irinṣẹ́ bi mí pé òjé kìlógíráàmù mélòó ni mo fẹ́, mo ní 12. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Mzee, kò pọ̀ jù?" Mo ní kó gbé e wá.

Mítà 5. Mo já bọ́ síbẹ̀ bí ẹni ju ọlọ sódò. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó mi kí n lè kúrò nílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì pọ̀, torí òjé pọ̀. Ìgbì kan kọjá lókè, omi tó wà lórí mi dín kù, afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì wú, ó gbé mi. Mo tú u dànù. Ìgbì kejì dé, ó kó omi lé mi lórí, èyí tó kù nínú jákẹ́ẹ̀tì súnkì, mo tún ṣe gbì. Orúnkún mi bá iyùn. Ọgbẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó jinná, torí iyùn máa ń fi ẹ̀rún ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú egbò. (Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́? Bó bá ṣì pupa tàbí tó ń ṣọyún, wọ́n ní láti ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa.) Èmi tí mo jó irin ní mítà 40, mítà 5 ló dójú tì mí, níṣojú àwọn àlejò Jámánì mẹ́rin àti ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún tó léfòó síbi kan tó ń wò mí, tí kò mira.

Ìdí ẹ̀ kò le. Lójú omi, ẹrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa jẹ́ báà 1 (báà la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan). Mítà 10 kọ̀ọ̀kan tí o bá lọ sísàlẹ̀ nínú òkun ń fi 1 kún un. Ní mítà 5 ó di 1.5, ní mítà 30 ó di 4. Bí ìgbì bá gbé ọ sókè ní mítà 1 nígbà tí o wà ní mítà 30, afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ kò ní wú ju bí 2.5 nínú 100 lọ. Bóyá ni wàá mọ̀. Mítà 1 yẹn kan náà, ní mítà 5, 7 nínú 100 ni. Wàá mọ̀! Ibi tí kò jìn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, tí ìgbì bá wá wà níbẹ̀, iṣẹ́ di méjì.

Tìrẹ yàtọ̀ sí tèmi ṣá. Òjé tèmi pọ̀ jù, tìrẹ ló kéré. Ìṣẹ́jú 30 tí o kọ ni mo fi mọ̀. Omi púùlù Maitama, omi ẹ̀rọ ni. Omi òkun níyọ̀, ó wúwo jù ú lọ, ó sì ń gbé èèyàn jù ú lọ. Bí ìwọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù ara rẹ bá jẹ́ kìlógíráàmù 100, wàá fi bíi 2.5 kún òjé tí o lò ní púùlù. Mo lè búra pé iye ti Maitama ni o sọ fún wọn ní Diani. Ohun kejì, afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo. Sìlíńdà tó wọ́pọ̀, bó bá kún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ju kìlógíráàmù 2 lọ. Bí o ṣe ń mí i ló ń fúyẹ́, bí sìlíńdà gáàsì ìdáná tí ìyàwó rẹ gbé mì tó sì sọ fún ọ pé kò lè se ẹ̀wà yìí jinná. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe tilẹ̀ máa ń fẹ́ léfòó fúnra rẹ̀ tó bá kù díẹ̀ kó tán. Ẹni tí òjé rẹ̀ kàn tó tó ní ìbẹ̀rẹ̀ á di bọ́ọ̀lù níparí.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù, tú jákẹ́ẹ̀tì rẹ tán pátápátá, mí bí o ṣe ń mí nílé. Bí òjé bá ṣe déédéé, omi á dúró sí ọ̀gangan ojú rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, fi kìlógíráàmù 2 kún un nítorí afẹ́fẹ́ tó máa tán. Bí ọkọ̀ bá ń kánjú, jẹ́ kó máa kánjú.

Ní ti ohun tó ń tì ọ́ tó sì ń fà ọ́: ìgbì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú omi nìkan. Ó ń rọ́ omi ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bí ìdajì gígùn ara rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín orí ìgbì kan àti orí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbì tí ìṣẹ́jú àáyá 10 wà láàárín rẹ̀, lórí ibú, gígùn rẹ̀ ju mítà 150 lọ. Mítà 6 kò ní ibi tó fẹ́ sá sí.

Ọjọ́ kejì ìtìjú mi, ọmọbìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tó wá jẹ́ pé afinimọ̀nà ni, mú mi lọ sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Òjé 6 ló fún mi. Kò tíì jẹ́ ká wọ omi tó ti sọ fún mi pé kí n ká ọwọ́ gbera níbẹ̀, kí n má ṣe ohunkóhun, kí n máa wo koríko. Mo wò ó. Koríko òkun tẹ̀ sí ìhà etíkun: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó dìde dúró díẹ̀. Ó tẹ̀ sí ìhà ibú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó tún dìde. Jangirọ́fà ni. Nígbà tó tẹ̀ sí ọ̀nà tí à ń lọ, ọmọbìnrin náà ta ẹsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì lọ bí ọfà. Nígbà tó yí padà, ó dáwọ́ dúró, ó jẹ́ kó gbé òun padà díẹ̀, kò bá a jà. Bíi mítà 3 síwájú, 1 sẹ́yìn. Lánàá ẹ̀, sìlíńdà mi ti fẹ́ tán, ó ku 50 báà péré, ní ìṣẹ́jú 25. Lọ́jọ́ yẹn mo lo ìṣẹ́jú 50, mo sì tún rí ẹja.

Òkúta tí o dì mú yẹn, ẹranko ni. Iyùn ń bẹ láàyè, ọwọ́ rẹ ń pa á, òun náà sì gé ọ. O tilẹ̀ ríre: ẹja kan wà níbẹ̀ tó jọ òkúta pátápátá, tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró tó ń gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn. Òòrẹ̀ òkun tún wà nínú ihò.

Nísinsìnyí, ẹ̀bi. Oṣù Keje ló ni èyí tó pọ̀ jù. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní orúkọ méjì fún afẹ́fẹ́ òkun wọn. Kusi ń fẹ́ láti gúúsù láti bí oṣù Kẹrin títí dé bí oṣù Kẹsàn-án, òun ló ń gbé ìgbì wá, tó ń ru yẹ̀pẹ̀ sókè tí omi fi dà bí omidùn. Kaskazi ń fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, lásìkò tí ọyẹ́ ń sán wa létè ní Abuja níbí. Ìgbà yẹn ni omi máa ń dákẹ́ tó sì máa ń mọ́. Afinimọ̀nà tí kò wẹ̀yìn náà jẹ̀bi. Ẹni tó ń kó àlejò kiri nínú omi tí kò mọ́, bí ó bá mí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó yẹ kó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá sì sọ nù mọ́ ọ lójú, wá a kiri fún ìṣẹ́jú 1, kí o sì rọra gòkè. Kì í ṣe wákàtí kan, ìṣẹ́jú kan ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà ní tìrẹ. O bì lórí bóòtù, o rí omi, o sì wọlé. Ìlànà àwa òmùwẹ̀ káàkiri ni pé ẹnikẹ́ni lè dá ìrìn dúró nígbàkúùgbà, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Èmi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, wọn kò dá owó mi padà, ó sì dùn mí dé egungun. Mo fi èyí tó kù lápò ra ẹja yíyan létí òkun, mo jókòó, mo ń wo àwọn tó wọlé bí wọ́n ṣe ń jáde níkọ̀ọ̀kan tí wọn kò rí nǹkan kan. (Fún ọjọ́ tí èébì bá dé bá ọ lábẹ́ omi: bì sínú rẹgulétọ̀, má yọ ọ́ lẹ́nu. Á gba ibẹ̀ jáde. Àwọn ẹja á sì yọ̀ mọ́ ọ.)

Má pa á tì. Padà sí Maitama, ní kí kóòṣì rẹ gbá sìlíńdà rẹ mú láti ẹ̀yìn, kó máa tì ọ́, kó máa fà ọ́, kí ìwọ máa léfòó ní ìdajì púùlù láì fi ọwọ́ kan ilẹ̀, láì jáde sókè, fún ìṣẹ́jú 5. Àwọn tó ń mu ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù á máa wò yín bíi wèrè. Bó o bá ti ṣe ìyẹn láì fi ọwọ́ pàrà omi, ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejì.

*

Olómi, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Èyí àbíkẹ́yìn mi lọ mòòkùn ní Mombasa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun jáde nínú omi láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, òun sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Nairobi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èjìká ń ro ó lóru, ó ní báàgì ni. Wọ́n ní kò yẹ kéèyàn wọ bàálù lẹ́yìn omi. Ṣebí ọkọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀?
— Màmá Ìbejì, Bwari

Ẹ kúulé, Mà. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gòkè. Mombasa wà létí òkun, Nairobi wà ní nǹkan bíi mítà 1,700 lókè òkun. Ó ga ju Jos lọ. Ohun tí bàálù ń ṣe fún ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, òkè náà ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ omi, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó jáde. Bí èèyàn bá tètè gòkè, á hó bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣí lójijì, oríkèé ara ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ké. Ẹ ó rántí Harrison Okene, alásè tí ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé mọ́ ní oṣù Karùn-ún 2013, tó lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú ihò afẹ́fẹ́ ní bíi mítà 30. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ bá a láàyè, wọn kò jẹ́ kó kàn jáde sínú oòrùn bẹ́ẹ̀. Inú yàrá onírin tí wọ́n ti ń dín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ara kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí fún ọjọ́ méjì ó lé, títí náítírójìn fi kúrò lára rẹ̀.

Ìlànà ni pé kí ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dúró ó kéré tán wákàtí 12 kó tó wọ bàálù. Ẹni tó mòòkùn léraléra fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wákàtí 18. Kí ọmọ yín ka ọkọ̀ Nairobi sí bàálù. Bí èjìká náà bá ṣì ń ro ó, tàbí tí ọwọ́ ń kú tipiri, ẹ má fi àbọ́níkì pa á, Mà. Kó lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì ṣàlàyé gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìrora náà bá ti lọ pátápátá, ẹ bá mi fa ọmọ náà létí.

*

Bọ̀dá Olómi, kí ló dé tí kò sí àpáta iyùn ní Nàìjíríà? Ṣé mo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn ní Jabi Lake? Mo wà ní Ilorin, ọmọ ọdún 17 ni mí.
— Ọmọ Asa

Ọmọ Asa, iyùn ń fẹ́ omi tó mọ́ tí oòrùn lè gbà kọjá. Odò Ọya kó ẹrẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó dà á sínú òkun. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa, kò tilẹ̀ sí iyanrìn ní ọ̀pọ̀ etíkun. Ẹrẹ̀ ni, tí o bá tẹ̀ ẹ́, ó gbà ọ́ dé orúnkún. Bí iyùn bá dé ibẹ̀, ọjọ́ kan péré ló máa lò. Àdúgbò tó sún mọ́ wa tí o ti lè rí díẹ̀ ni São Tomé.

Jabi kọ́. Omi ìdídò ni, o ò ní rí nǹkan kan, koríko á sì dè ọ́ lẹ́sẹ̀. Bí àǹfààní bá ṣí, ní kí wọ́n mú ọ lọ sí Wikki ní Yankari, ní Bauchi. Omi gbígbóná tó ń sun látinú àpáta ni, bíi 31 lórí ìwọ̀n Celsius tọ̀sán-tòru, kò sì jìn ju bíi mítà 2 lọ. Ó mọ́ débi pé mo ka ìka ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi láti òdìkejì. Awò ojú àti ọ̀pá ìmí lásán ti tó. Ṣọ́ra fún àwọn ọ̀bọ, wọ́n jí búrẹ́dì mi. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ wo Argungu lásìkò àjọ̀dún ẹja, kí o rí àwọn apẹja Sorkawa tí wọ́n ń mòòkùn láì ní sìlíńdà, tí wọ́n fi ọwọ́ lásán mú ẹja. Ṣùgbọ́n kọ́ ìwẹ̀ ná. O ò sọ fún mi bóyá o mọ̀ ọ́n wẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti rí mámíwọ́tà rí?
— Ó wù mí kí n mọ̀, Kaduna

Ohun tí irun rẹ̀ gùn jù tí mo rí lábẹ́ omi ni àwọ̀n tí apẹja kan gbàgbé. Ó dì mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀bẹ kékeré ni mo fi bá a sọ̀rọ̀.